Ọjọ́ mẹ́wàá àtúnṣe: àkọsílẹ̀ bí a ṣe gba WhatsApp màmá mi padà, tí a sì tún ìdí àwọn àkáǹtì wa ṣe

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní

Nǹkan bí aago kan ọ̀sán ni màmá mi pè mí láti ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ìtòkú, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, pé WhatsApp àwọn pa dé lójijì, ó sì ń béèrè nọ́ńbà fóònù bí ẹni pé àwọn kò lò ó rí. Àdìrẹ ni wọ́n ń ṣe, òun náà ni wọ́n ń tà, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà báyìí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà wọn, títí kan àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester, ti ń yan aṣọ láti inú àwòrán tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni béèrè nọ́ńbà kankan lọ́wọ́ wọn láàárọ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní bẹ́ẹ̀ ni, oníbàárà kan tí àwọn ti ń tajà fún láti ọjọ́ pípẹ́ ló kọ̀wé pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ bá mi fi ṣọwọ́ padà, mo ń kánjú.” Màmá mi wo inú fóònù, wọ́n rí nọ́ńbà mẹ́fà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan, wọ́n sì fi ṣọwọ́ sí i.

Ẹni tó kọ̀wé náà kì í ṣe oníbàárà wọn, gbájúẹ̀ ni. Ó ti kọ́kọ́ gba àkáǹtì oníbàárà yẹn ní ọ̀nà kan náà, ó wá ń ti ibẹ̀ bọ́ sára àwọn tó mọ oníbàárà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣí WhatsApp sórí fóònù tuntun, yóò tẹ nọ́ńbà fóònù tó fẹ́ lò, WhatsApp yóò sì fi kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà náà láti mọ̀ bóyá òun ló ni ín. Ẹni tó bá mú kóòdù yẹn wá ni WhatsApp gbà pé ó ni àkáǹtì. Gbólóhùn tó kìlọ̀ pé kí a má fi kóòdù náà han ẹnikẹ́ni wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, màmá mi kì í sì í ka Gẹ̀ẹ́sì.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, gbájúẹ̀ náà ti ń fi orúkọ màmá mi tọrọ owó kiri. Ó ní òun fẹ́ san owó aṣọ funfun kan kíákíá, pé báńkì òun ń ṣe ségesège, kí wọ́n bá òun san án sí àkáǹtì kan tí orúkọ orí rẹ̀ kò jọ tiwa rárá. Oníbàárà kan ní Ìbàdàn ti fi 45,000 náírà ránṣẹ́ kó tó rántí pé ó yẹ kí òun pe màmá mi.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìtòkú. Mo tẹ nọ́ńbà wọn padà sínú WhatsApp lórí fóònù wọn, kóòdù tuntun wọlé, mo tẹ ẹ́, inú mi ń dùn pé ó ti parí. Kò tíì parí. Ojú fóònù yí padà, ó ní kí n tẹ PIN oní-nọ́ńbà mẹ́fà. Màmá mi kò ní PIN kankan lórí WhatsApp rí. Gbájúẹ̀ náà ló ti fi tirẹ̀ sí i, bí olè tó wọlé tán tó wá pààrọ̀ àgádágodo. WhatsApp ní bí a kò bá mọ PIN náà, àfi kí a dúró fún ọjọ́ méje kí a tó lè wọlé láìlo PIN. Ohun kan ṣoṣo tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé kóòdù tí mo tẹ̀ yẹn, bí kò tilẹ̀ mú wa wọlé, ó lé òun náà jáde, nítorí WhatsApp kì í gbà kí a fi kóòdù forúkọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ sórí fóònù méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òun kò lè kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni mọ́, àwa náà kò sì lè ṣe é. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti bá oníbàárà sọ tẹ́lẹ̀ kò sì bọ́ sí i lọ́wọ́, torí inú fóònù màmá mi ni wọ́n wà.

Ìwé tí màmá mi fi ń kọ àwọn tó bá bèèrè aṣọ ni a fi ṣe ìyókù iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. A pín in sí méjì, wọ́n mú apá kan, mo mú apá kejì, a sì ń pe àwọn ènìyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ojú ń ti màmá mi gan-an. Mo sọ fún wọn, mo sì fẹ́ kó wà nínú àkọsílẹ̀ yìí, pé ẹni tí kì í gbàgbé ojú oníbàárà, tí kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn bẹ òun lẹ́ẹ̀mejì, ni irú ẹ̀tàn yìí máa ń mú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì

Níwọ̀n bí a ti ní ọjọ́ méje láti dúró, mo pinnu láti fi yẹ gbogbo àkáǹtì wa wò, ti màmá mi àti tèmi. Mo mú páálí kan tó ṣẹ́kù lára èyí tí wọ́n fi ń di aṣọ, mo kọ orúkọ gbogbo àkáǹtì sí i: báńkì, Facebook, Instagram, ibi tí mo ti ń gba iṣẹ́, ibi tí a ti ń san owó iná, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n jẹ́ mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn náà mo bi ara mi ní ìbéèrè kan nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: bí mo bá gbàgbé páswọ́ọ̀dù yìí, ta ni yóò tún ilẹ̀kùn ṣí fún mi? Mo fa ilà láti ara àkáǹtì lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni yẹn. Nígbà tí mo fà á tán, mọ́kànlá nínú ilà náà lọ sí ọ̀dọ̀ ímeèlì, ti ímeèlì sì lọ sí ọ̀dọ̀ nọ́ńbà fóònù.

Ọ̀rọ̀ gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn. Kò sí àǹfààní nínú kí n fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ronú nípa páswọ́ọ̀dù Facebook nígbà tí ẹnikẹ́ni tó bá di nọ́ńbà fóònù mi mú lè fi gba ímeèlì, kó sì fi ímeèlì gba gbogbo ìyókù. Láti ìsàlẹ̀ ni a óò ti bẹ̀rẹ̀: nọ́ńbà fóònù, lẹ́yìn náà ímeèlì, lẹ́yìn náà ohun tó wà lórí wọn.

Ohun tí mo rí ní ìsàlẹ̀ kò dára. Màmá mi kò mọ̀ pé àwọn ní ímeèlì. Ọmọkùnrin tó ta fóònù fún wọn ló ṣí Gmail kan ní ojú ẹsẹ̀ kí fóònù lè ṣiṣẹ́, ó kọ àdírẹ́ẹ̀sì àti páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sí ẹ̀yìn páálí fóònù, orúkọ wọn pẹ̀lú 1234, ó sì fi nọ́ńbà ara rẹ̀ sí ibi tí Google ti ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà tí a óò fi gba àkáǹtì padà bí ó bá sọnù. N kò rò pé ó ní èrò búburú. Ó fẹ́ tètè dá oníbàárà lóhùn ni. Síbẹ̀, ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tó jẹ́ pé ẹni tí a kò mọ ilé rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tèmi ló wá burú jù, torí èmi ni mo máa ń pe ara mi ní ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà tó wà lórí ímeèlì mi jẹ́ ti síìmù kan tí mo ti pa tì láti ọdún 2021. Mo pè é. Ọkùnrin kan gbé e.

“Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ń lo nọ́ńbà yìí?”

“Ó ti lé lọ́dún kan. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín tẹ́lẹ̀ ni? Ẹ ẹ̀ rí i, àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì yín kì í jẹ́ kí n sinmi.”

Ènìyàn rere ni. Ó ka méjì sí mi létí, owó orí àkáǹtì kékeré kan tí mo ti gbàgbé pé mo ní ló wà nínú rẹ̀. Òfin àjọ NCC tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà gba iléeṣẹ́ láyè láti ti nọ́ńbà pa bí ẹni tó ni ín kò bá fi ṣe ohunkóhun tó mówó wọlé fún oṣù mẹ́fà. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, kó sì di ti ẹlòmíràn. Ọkùnrin yìí rà á ní ọ̀nà tó tọ́. Èmi ni mi ò yọ ọ́ kúrò níbi tí mo kọ ọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló fẹ́ gbà á láti di onímeèlì mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta

Iṣẹ́ òní dá lé síìmù àti fóònù fúnra rẹ̀. Ní ìlú wa, olè tó bá já fóònù gbà kì í dúró wo bóyá ojú rẹ̀ wà ní títì. Yóò yọ síìmù, yóò fi í sínú fóònù tirẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ yóò sì máa wọlé sí i, kóòdù WhatsApp, kóòdù báńkì, títí kan kóòdù oníràwọ̀ tí a fi ń fi owó ránṣẹ́ láìlo íntánẹ́ẹ̀tì. Títì fóònù kò dí ọ̀nà yìí. PIN síìmù ló ń dí i: a tẹ̀ ẹ́ sínú síìmù fúnra rẹ̀, bó bá sì wọ inú fóònù mìíràn, yóò kọ́kọ́ béèrè PIN náà kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Mo ṣe tèmi láìsí wàhálà. Lórí ti màmá mi, ìkánjú mú mi. Kí a tó lè fi PIN tuntun sí i, síìmù máa ń béèrè èyí tí iléeṣẹ́ fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́, kò gbà. Mo tẹ òmíràn, kò gbà. Ibẹ̀ ni mo ti gbé ọwọ́ kúrò, nítorí bí a bá ṣì í ní ẹ̀ẹ̀mẹta, síìmù yóò tì, àfi PUK oní-nọ́ńbà mẹ́jọ ló lè ṣí i, bí a bá sì ṣi PUK náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, síìmù ti kú nìyẹn. Ká ní mo ti nọ́ńbà màmá mi pa ní àkókò tí a ń retí kóòdù WhatsApp lórí rẹ̀, n kò mọ ojú tí mo máa fi wò wọ́n. Màmá mi àti èmi jọ lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, wọ́n mú NIN wọn dání, wọ́n fún wa ní PIN ìpilẹ̀ àti PUK, a sì rí i pé orúkọ wọn gan-an ni wọ́n fi forúkọ síìmù náà sílẹ̀. Mo gba ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe èyí nímọ̀ràn pé kí ó wá páálí tí síìmù rẹ̀ bá wá kó tó bẹ̀rẹ̀, torí ara rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ méjèèjì sí.

Fóònù màmá mi kò ní títì kankan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn jà lórí rẹ̀, mo sì rò pé wọn kò kà á sí ni. Lónìí ni mo jókòó tì wọ́n, mo mú ìka wọn, mo gbé e lé ibi tí fóònù ti ń ka ìtẹ̀ka. Kò rí i. Mo gbé òmíràn, kò rí i. Mo wá yí ọwọ́ wọn sójú oòrùn, mo sì wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Aró ti wọ inú gbogbo ìlà ọwọ́ náà, ó dúdú mọ́nú èékánná, sódà tí wọ́n ń dà sínú ìkòkò aró sì ti jẹ orí ìka wọn dán bíi ojú gíláàsì. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀ fún fóònù láti kà. Àwọn tó ṣe fóònù yẹn kò ronú kan aláró. A fi PIN oní-nọ́ńbà mẹ́fà sí i, kì í ṣe ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni nínú wa, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ogún ìgbà níwájú mi kí ọwọ́ wọn lè mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a jẹun tán, ó kan páswọ́ọ̀dù. Mo kọ́kọ́ lọ sí ìkànnì Have I Been Pwned, tí Troy Hunt, ọmọ Ọsirélíà kan, dá sílẹ̀ ní ọdún 2013, tó ń kó àkọsílẹ̀ àwọn àkáǹtì tí wọ́n ti jí ní iléeṣẹ́ kan tàbí òmíràn jọ. Ímeèlì mi wà lára àwọn tí wọ́n kó ní LinkedIn ní ọdún 2012, èyí tí wọ́n gbé jáde fún títà ní ọdún 2016, tí iye rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 100. Mo rántí páswọ́ọ̀dù tí mo ń lò nígbà náà. Òun náà ni mo ṣì ń lò ní ibi mẹ́ta. Ohun tí àwọn tó ń ra irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú ímeèlì àti páswọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa dán an wò lára ìkànnì mìíràn lóru lọ́sàn-án, torí wọ́n mọ̀ pé a máa ń fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣí ilé mẹ́wàá.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún wa níbi iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé kí a máa pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ó ní lẹ́tà ńlá, nọ́ńbà àti àmì. Ìwé kan tí Bill Burr kọ ní ọdún 2003 fún NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà ìwọ̀n àti ìmọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀, ni ìmọ̀ràn yẹn ti tàn kálẹ̀, ọkùnrin náà sì sọ ní ọdún 2017 pé òun kábàámọ̀ ọ̀pọ̀ ohun tí òun kọ síbẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni àjọ náà gbé ìlànà tuntun jáde, tó ní kí a jẹ́ kó gùn, kí a má sì máa fi agbára mú ènìyàn pààrọ̀ rẹ̀ láìnídìí. Mo ti rí ìdí rẹ̀ lára àwọn ẹlẹgbẹ́ mi: ẹni tí wọ́n bá ní kó pààrọ̀ ní oṣù mẹ́ta yóò kàn sọ 1 ìdí rẹ̀ di 2 ni.

Fún èyí tó gùn tó sì ṣeé rántí, ọ̀nà tí Arnold Reinhold gbé kalẹ̀ ní ọdún 1995 ni mo lò, ìyẹn kí a máa da dáìsì, kí nọ́ńbà tó bá jáde tọ́ka sí ọ̀rọ̀ nínú ìwé kan. Ìwé tirẹ̀ ní ọ̀rọ̀ 7,776, Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Èmi kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá 216, ohun ilé, ohun ọjà, ẹranko àti oúnjẹ, kí dídà dáìsì lẹ́ẹ̀mẹta lè mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Màmá mi jókòó sórí àpótí, wọ́n fi dáìsì lúdò àwọn ọmọ àbúrò mi dà á ní ẹ̀ẹ̀méjìdínlógún, ọ̀rọ̀ mẹ́fà sì jáde. Iye ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ mẹ́fà bẹ́ẹ̀ fi lè tò lé ní tírílíọ̀nù 101. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà sókè tẹ̀léra, wọ́n ní ó dà bí àlá ẹni tó jẹun pẹ́. Ọjọ́ kejì wọ́n ṣì rántí rẹ̀ láìwo ìwé.

Wọ́n ti kọ́kọ́ fẹ́ lo òwe kan. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀, bí ó ti wù kó gùn tó, ẹni tó ń wá páswọ́ọ̀dù náà mọ̀ ọ́n, òwe, ẹsẹ Bíbélì, orin ìjọ àti oríkì ìlú. Dáìsì kò mọ nǹkan kan, ìdí tí mo fi fọkàn tán an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa tí a ń kọ Yorùbá, tí n kò rí ẹni tó sọ ọ́ fún wa. Mo kọ́kọ́ ṣe páswọ́ọ̀dù tèmi pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, mo fi ti fáìlì kan lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo fẹ́ ṣí i lórí fóònù, ó kọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ojú mi rí i pé ó pé, ó ṣáà ń kọ̀. Lẹ́tà bíi ọ̀ kò ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí a lè gbà kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kííbọ́ọ̀dù kan lè kọ ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀, kó wá fi àmì ohùn lé e; òmíràn lè kọ ò tó ti ní àmì ohùn, kó wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú wa, lẹ́tà kan náà ni, ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ yàtọ̀, páswọ́ọ̀dù sì jẹ́ ohun tó gbọ́dọ̀ bára mu délẹ̀délẹ̀. Ó dùn mí láti kọ èdè mi láìsí àmì, ṣùgbọ́n nínú páswọ́ọ̀dù nìkan, lẹ́tà lásán ni kí a lò.

Èmi kó ìyókù páswọ́ọ̀dù mi sínú áàpù tó ń tọ́jú páswọ́ọ̀dù, KeePassXC lórí kọ̀ǹpútà àti KeePassDX lórí fóònù, kí n lè máa rántí ẹyọ kan péré. Fún màmá mi, ìwé pélébé ni mo lò, a sì tọ́jú rẹ̀ sílé. Àwọn kan yóò bínú sí èyí. Ẹni tó tan màmá mi kò sí ní Abẹ́òkúta fún gbogbo ohun tí mo mọ̀, kò sì lè na ọwọ́ wọ inú yàrá wọn. Ìwé tó wà nínú àpótí títì láàbò ju 1234 lọ ní ọ̀nà tó jìnnà. Ohun tí n kò fẹ́ ni pé kí ìwé náà wọ inú báàgì ọjà.

Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún àti ìkẹfà

Ímeèlì gba ọjọ́ méjì. Mo fi páswọ́ọ̀dù ẹ̀yìn páálí wọ inú Gmail màmá mi, mo sì wo ibi tí Google ti ń fi àwọn fóònù tó wà nínú àkáǹtì hàn. Méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni ti màmá mi. Mo yọ èkejì, mo pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù sí ọ̀rọ̀ mẹ́fà náà, mo yọ nọ́ńbà ọmọkùnrin yẹn, mo fi nọ́ńbà wọn sí i, mo sì fi ímeèlì tèmi ṣe alátìlẹyìn.

Lẹ́yìn èyí ni mo fi ìdánilójú kejì sí i, ìyẹn kóòdù tí Google yóò béèrè lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù, kì í ṣe ti àtẹ̀jíṣẹ́, bí kò ṣe ti áàpù tó ń ṣe kóòdù fúnra rẹ̀. Aegis ni mo lò. Nígbà tí a bá fi kámẹ́rà ya àwòrán onígun mẹ́rin tó wà lójú kọ̀ǹpútà, àṣírí kan ni Google ń fún áàpù náà. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì yóò máa pa àṣírí yẹn pọ̀ mọ́ aago tó ń lù, kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà yóò sì máa jáde, tí yóò máa yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, kò nílò síìmù, ẹni tó bá sì gba nọ́ńbà fóònù kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Kóòdù àkọ́kọ́, Google ní kò tọ̀nà. Ìkejì, kò tọ̀nà. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ibì kan náà la tún dé. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi wá ìdí rẹ̀, kí ojú mi tó ṣèèṣì bọ́ sára aago ògiri. Fóònù màmá mi fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yá ju aago ògiri lọ. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn ló ṣí i síwájú bẹ́ẹ̀ láti ọdún yìí wá, kí àwọn má bàa pẹ́ dé ọjà. Áàpù ń ṣe kóòdù ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ń bọ̀, Google sì ń retí ti ìsinsìnyí. Mo jẹ́ kí fóònù máa gba aago láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kóòdù sì gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú wọn kò dùn sí i rárá. Mo ra aago kékeré kan fún ṣọ́ọ̀bù, a sì jọ ṣí i síwájú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Google fún wa ní kóòdù mẹ́wàá fún ọjọ́ tí fóònù bá sọnù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni a lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi bírò kọ wọ́n, mo fi ọ̀rá wé ìwé náà ní ìlọ́po méjì nítorí òrùlé tó ń jò, màmá mi sì gbé e sínú àpótí tí ìwé ilẹ̀ wà. Wọ́n ní bí ibẹ̀ bá láàbò tó fún ilẹ̀, ó tó fún èyí. Mo ṣe ẹ̀dà tèmi náà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Mo lọ sí báńkì, mo pa àkáǹtì kékeré tí mo gbàgbé yẹn, mo sì dúró títí wọ́n fi yọ nọ́ńbà àtijọ́ kúrò níwájú mi. Mo pe ọkùnrin ọjọ́ Ẹtì láti sọ fún un pé àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò ní wọlé mọ́. Ó ṣàdúrà fún mi.

Ọjọ́bọ̀ kejì, ọjọ́ kẹjọ

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án, ọjọ́ méje pé. Mo tẹ nọ́ńbà, kóòdù wọlé, WhatsApp sì ṣí. Kí màmá mi tó ka ohunkóhun, mo fi PIN tiwa sí i lábẹ́ “Two-step verification”, mo sì fi ímeèlì tí a ti tún ṣe sí i, kí a má bàa tún dúró fún ọjọ́ méje bí a bá gbàgbé. Mo wo “Linked devices”, ibi tí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lè fara pamọ́ sí tí yóò máa ka ọ̀rọ̀ ẹni. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwòrán ojú àkáǹtì ni gbájúẹ̀ náà pààrọ̀, a dá tiwọn padà, àwòrán aṣọ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fẹ́ràn.

Màmá mi kò kọ̀wé sí àwọn oníbàárà. Wọ́n fi ohùn ara wọn ránṣẹ́. Wọ́n kí olúkúlùkù, wọ́n ní àwọn ti padà dé, pé nọ́ńbà àkáǹtì báńkì tí wọ́n tẹ̀ sára káàdì ṣọ́ọ̀bù ni àwọn ní, àwọn kò ní pààrọ̀ rẹ̀ lórí WhatsApp láé, ẹni tó bá sì rí ọ̀rọ̀ owó láti ọ̀dọ̀ àwọn, kó kọ́kọ́ pè kó gbọ́ ohùn. Fún oníbàárà Ìbàdàn yẹn, wọ́n di aṣọ ẹlẹ́kọ mẹ́ta fún un, wọn kò sì gba kọ́bọ̀. Mo ní kì í ṣe àwọn ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Wọ́n fi oríkì mi pè mí, wọ́n ní kí n gbé aṣọ náà lọ sí gáréèjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Ohun tó kù lórí páálí ni Instagram àti ibi ìsanwó iná. Àbúrò mi obìnrin ni yóò bá mi ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí òun náà ní nọ́ńbà àtijọ́ kan tó fẹ́ yọ.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án yìí nígbà tí fóònù màmá mi dún. Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n tẹ PIN, wọ́n na fóònù náà jìnnà sójú wọn díẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà ni, ti WhatsApp, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wa béèrè rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí ẹnì kan fi pè, ohùn ọkùnrin, ó ní láti ọ́fíìsì WhatsApp ni òun ti ń pè, pé wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì wọn pa, àfi kí wọ́n ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí òun létí.

“Ẹ wá gbà á ní Ìtòkú,” ni màmá mi wí, wọ́n pa fóònù, wọ́n sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí aṣọ, wọ́n ń bá kíká aṣọ wọn lọ.